Ilé Tí Kò Sí Ṣúgà

Bí olè bá wọ ilé Tìrìmísíyù ní Ìkòròdú, tó ní ṣúgà ni òun fẹ́ jí, òfo ni yóò bá jáde. Ó ti tó ọdún kan tí ṣúgà ti wọ ilé náà gbẹ̀yìn. Mùsílímátù, ìyàwó rẹ̀, ló lé gbogbo rẹ̀ jáde: ti inú agolo, ti inú mínírà, ti inú máàtì, títí kan bisikíìtì àwọn ọmọ. Tíì ni wọ́n ń mu bí ẹni ń mu àgbo. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gún Tìrìmísíyù ní ìka ní ọsibítù, ṣúgà náà ni wọ́n ń bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì tún ti ga ju ti ìgbà tó kọjá lọ. Ibo ló ń gbà wọlé? Ọ̀rọ̀ náà ti sú Mùsílímátù dé ibi tó jẹ́ pé bó bá dá jókòó, á kàn máa mi orí, á máa pòṣé.

Ká ní àìsàn nìkan ni, ì bá fara dà á. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ̀sùn tó wà lẹ́yìn àìsàn náà ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ayé ṣe rí: bí ọkùnrin bá sanra, wọ́n á ní owó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá rù, wọ́n á ní kí ni ìyàwó rẹ̀ ń sè fún un? Ìyìn á lọ sọ́dọ̀ ọkọ, ẹ̀bi á rọra gba ìdí ààrò lọ. Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n Tìrìmísíyù obìnrin, tó ń ta ẹja l'Ẹ̀pẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹ̀bi náà sùn lọ́nà. Fóònù rẹ̀ kì í pẹ́ dún.

"Ìyàwó, kí lo ń sè nínú ilé yẹn gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí gbogbo ayé ń sè náà ni."

"Àdùn ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́."

"Kò sí ṣúgà nílé wa, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá wo ilé ìdáná mi."

"Kí n wá wo kí ni? Ṣé ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ á gbé e síta ni? Bí kò bá sí ṣúgà nílé yín, ta ló wá ń gbé e sínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi? Ṣé ó ń já bọ́ láti ọ̀run ni?"

Iṣẹ́ télọ̀ ni Mùsílímátù ń ṣe, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán jù. Ọjọ́ tí Kúbúrá bá ti pè é báyìí, bí ẹni ń jà ló ṣe máa ń rán aṣọ. Ọmọ kan gba aṣọ tirẹ̀ dé ilé, wọ́n wọ̀ ọ́ fún un, apá kan gùn ju èkejì lọ. Ìyá ọmọ dá a padà, Mùsílímátù tú u, ó tún un rán, ó sì tún pòṣé.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ọkọ náà. Ọmọ apẹja ni Tìrìmísíyù. L'Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí i sí, kí oòrùn tó yọ ni òun àti bàbá rẹ̀ ti máa ń wà lórí ọ̀sà, tí wọ́n á máa tu ọkọ̀, tí wọ́n á máa da àwọ̀n, tí wọ́n á máa fà á. Ẹni tó bá rí ẹ̀bà tó ń jẹ nígbà náà á rò pé ti gbogbo ilé ni. Kò sì sí ohun tó ṣe é, nítorí gbogbo rẹ̀ ni àjẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ebi á tún ti máa pa á. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ẹja sì ń wọ́n lórí ọ̀sà, ó kó wá sí Ìkòròdú, ó rí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì kọ́ńpìnnì kan. Iṣẹ́ alẹ́ ni. Wọ́n fún un ní tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti àga. Ó jókòó. Ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin náà jókòó! Iṣẹ́ yí padà, abọ́ kò yí padà. Ẹ̀bà atukọ̀ ló ń jẹ lórí àga ẹ̀ṣọ́. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ tó délé, ooru, ariwo ẹ̀rọ ìlọta àti igbe àwọn ọmọ kì í jẹ́ kó rí oorun gidi sùn.

Ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Mùsílímátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó tún tú u, ó tún fẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn ni. Àwọn ará àdúgbò ń pe ọkùnrin náà ní Alhaji, ẹni tí kò mọ ọ̀nà Mẹ́kà rárá. Ta ló máa rí irú ikùn ọlá bẹ́ẹ̀ tó máa pè é ní àìsàn?

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Ó ń mu omi, ó ń tọ̀. Ó ń tọ̀, ó ń mu omi. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ṣòkòtò tí wọ́n fẹ̀ wá ń yọ̀ bọ́ lára rẹ̀. Èèrà ń tò lọ sí ibi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Ọsibítù ní àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò lójoojúmọ́.

Orúkọ yẹn ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ìtọ̀ ṣúgà! Tìrìmísíyù gbọ́ ṣúgà, ó gbà pé ohun tó bá ti dùn ni ọ̀tá òun, ohun tí kò bá dùn ni ọ̀rẹ́. Kí ló wá tún jìnnà sí dídùn tó gààrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan tí eyín ń kan? "Kíkan ló ń pa dídùn," ó ní. "Ṣúgà tí gààrí yìí bá bá nínú ẹ̀jẹ̀, pípa ni yóò pa á." Bí ó ṣe sọ gààrí di oògùn nìyẹn. Ó ń mu ún lọ́sàn-án, ó ń gbé e lọ sẹ́nu géètì lálẹ́, láìsí ṣúgà, pẹ̀lú ẹja díndín, ó sì ń ki ọwọ́ bọ inú abọ́ ńlá bí ẹni ń ṣe ìjọsìn. Oògùn oníhóró ni ó máa ń gbàgbé. Kò gbàgbé gààrí lọ́jọ́ kan.

Èyí tó tún dunni jù ni pé Mùsílímátù náà gbà á gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ ìyá onígààrí, tó ń tọ́ ọ wò láti inú àpò kan bọ́ sí òmíràn, tó ń sọ pé, "Ẹ fún mi ní èyí tó máa mú èèyàn dijú."

Ọjọ́ tí ojú wọn là, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ìtẹ́olúwa ni. Ó gún Tìrìmísíyù ní ìka, ó wo ẹ̀rọ, ó mi orí.

"Bàbá, kí lẹ jẹ lóòórọ̀ yìí?"

"Gààrí nìkan ni, nọ́ọ̀sì. Èyí tó kan gan-an. Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀ rárá." Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ń retí kí wọ́n yìn ín.

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó, sà?"

Tìrìmísíyù fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe abọ́ náà. Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Gààrí náà ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, Bàbá. Bó kan, bí kò kan. Ẹnu nìkan ló mọ ìyàtọ̀."

Ṣe ló ṣe Mùsílímátù bíi kó ké. Odindi ọdún tó ti ń já bisikíìtì gbà lẹ́nu ọmọ! Odindi ọdún tó ti ń fi owó ara rẹ̀ ra ṣúgà tó kan! A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Nọ́ọ̀sì fà sún mọ́ wọn. "Nǹkan kan wà tí ara wa máa ń ṣe tí à ń pè ní ínsúlìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kanlẹ̀kùn fún ara, kí ara ṣí, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọlé lọ di agbára. Ẹ̀yin ń ṣọ́ géètì, Bàbá. Ká ní ẹ̀ ń kanlẹ̀kùn, àwọn tó wà nínú ilé ò sì dá yín lóhùn ńkọ́? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára yín nìyẹn. Ínsúlìn ń kànkùn, ara ò dáhùn. Ṣúgà wá kún ìta."

"Kí ló dé tí ara ò fi dáhùn?" Mùsílímátù kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń fura sí, Mà. Ọ̀rá tó ń kóra jọ sínú ikùn. Àpọ̀jù ìjókòó. Àìrí oorun sùn, torí iṣẹ́ alẹ́ máa ń da ara rú. Oúnjẹ tó bá ju iṣẹ́ tí ara ń ṣe lọ. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé."

"Nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ kà yìí, èwo gan-an ni tiwa?"

"Ó lè jẹ́ gbogbo wọn pọ̀, Mà. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kan ṣoṣo ni."

Ìdáhùn yìí tún bí obìnrin náà nínú. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń wá, èyí tí yóò di mú lọ́rùn, tí yóò là mọ́lẹ̀. Wọ́n wá ń ka ikùn, àga, oorun àti abọ́ fún un. Báwo lèèyàn ṣe ń bá àga jà?

"Ṣé ẹnì kankan ti ní in rí nínú ìdílé yín, Bàbá?" nọ́ọ̀sì tún béèrè. "Bàbá yín tàbí ìyá yín?"

"Rárá o," Tìrìmísíyù dáhùn kíá. "Ìdílé wa mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí bó bá wà nínú ìdílé, ó yẹ káwọn ọmọ yín náà tètè máa yẹ ara wọn wò, kó má bàa dé bá wọn lójijì."

Ọkàn Mùsílímátù lọ sọ́dọ̀ Waliyah, àkọ́bí wọn, tó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde nílé, orí ìjókòó ló ń lo gbogbo ọjọ́, ó sì ti ń sanra bíi ti bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ní ìdílé àwọn mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láti ọjọ́ náà ni Mùsílímátù ti gba abọ́ ńlá lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ń bu oúnjẹ kékeré fún un, ó ń kó ẹ̀fọ́ lé e, ó ń dúró lórí rẹ̀ títí tí yóò fi gbé oògùn mì, ó sì ń lé e jáde pé kó rìn. Tìrìmísíyù ń rìn, ó ń kùn. "O fẹ́ fi ebi pa mí." Ẹ wo ayé! Nígbà tí oúnjẹ pọ̀, òun ló jẹ̀bi; oúnjẹ dín kù, òun náà ló jẹ̀bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Kúbúrá fi tún pè. Ó ní Hanifah, ọmọ òun, ti rí ọkọ, àwọn ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá mọ ilé lọ́jọ́ Sunday. Bàbá wọn ti kú, Tìrìmísíyù ni olórí ẹbí, ó gbọ́dọ̀ jókòó gbà wọ́n lálejò. "Tí wọ́n bá lọ tán, kò ní padà sí Ìkòròdú mọ́ o. Mo ti rí bàbá kan tó máa ń wo àsàsí. Iṣẹ́ ọ̀tá lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsibítù. Kó fi gbogbo oògùn yẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Àwa la máa fún un ní oúnjẹ gidi jẹ."

"Ká lọ gbọ́ tẹnu wọn ná," ni Tìrìmísíyù wí.

Ká lọ gbọ́ ná! Mùsílímátù fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àtùpà lù ú. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá dúró l'Ẹ̀pẹ́ láìsí oògùn, pẹ̀lú òkìtì ẹ̀bà Kúbúrá, ẹni tí yóò padà lọ gbé wálé kò ní máa mí. Ó kó oògùn náà sínú báàgì ara rẹ̀, ó sì tẹ̀lé e.

Kúbúrá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ̀bà náà ga lórí àwo, ẹja sì yí i ká. "Jẹun, àbúrò mi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ebi sọ ọmọ bàbá mi dà." Ìyá Sọ̀fíyàt, àbúrò bàbá wọn, ìyá arúgbó tó kù nínú ilé náà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi tẹ̀súbáà rẹ̀ ka orúkọ Ọlọ́run.

Mùsílímátù kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó fa àwo náà sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Kò gbọ́dọ̀ jẹ tó báyìí."

"Nínú ilé bàbá rẹ̀?" Kúbúrá pariwo. "Ìwọ lo máa díwọ̀n oúnjẹ fún un nínú ilé bàbá rẹ̀?"

Bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe ń fa ọ̀rọ̀, Tìrìmísíyù ń mu omi. Ó mu ife kan tán, ó bu òmíràn, ó tún bu òmíràn. Ìyá Sọ̀fíyàt dá tẹ̀súbáà dúró, ó ń wò ó.

"Omi yẹn," ni ìyá náà wí. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá ẹ gan-an nìyẹn."

"Ìyá, ẹ máa sinmi," Kúbúrá tètè dá a lóhùn.

"Kí n sinmi kí ni? Ta ló ń fọ yàrá tó ń tọ̀ sí? Èmi náà ni. Èèrà bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀gún ẹja àrọ̀ gún un lẹ́sẹ̀, egbò náà ò jinná, ẹsẹ̀ jẹrà títí tó fi pa á. Ẹ ní ọ̀tá ló ṣe é. Ọ̀tá wo? Ọsibítù sọ fún wa lójú mi pé ìtọ̀ ṣúgà ni."

Mùsílímátù yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Waliyah, ẹ mọ̀?"

Ilẹ̀ ni Tìrìmísíyù ń wò. "Èmi ni mo máa ń gbé omi fún wọn," ó ní. "Wọ́n ní ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ò tíì lọ́kọ nígbà yẹn."

"Nígbà tí bàbá mi wá ṣe ìwádìí yín ńkọ́?"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, a kì í dédé fọmọ fọ́kọ. Àgbà á lọ, àgbà á bọ̀, wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nílé náà, bóyá wárápá wà, bóyá àìsàn kan wà tí wọ́n jogún. Bàbá Mùsílímátù wá sínú ilé yìí kan náà, ó béèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní ìdílé àwọn mọ́. Ó lọ sílé, ó ní kí ọmọ òun máa fẹ́ ẹ.

"Kí la bá sọ?" Kúbúrá ló dáhùn. "Ta ló ń fẹ́ ọmọ nílé tí ẹsẹ̀ ti ń jẹrà?"

"Ẹ wá ń bi mí pé kí ni mò ń sè!" Mùsílímátù kígbe. "Odindi ọdún, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ mọ ohun tó pa bàbá yín, ẹ wá ń pè mí lórí fóònù pé àdùn pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi! Nọ́ọ̀sì béèrè lójú mi, ọkọ mi purọ́ fún un, mo sì tún ń dúpẹ́!" Inú bí i débi tí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Àsàláámù aléékùn!" Àwọn àlejò ti dé ẹnu ọ̀nà.

Kúbúrá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. "Ìyàwó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Torí Hanifah."

Bàbá ọkọ, Alhaji Sàlàkọ́, wọlé pẹ̀lú àwọn àgbà bíi mẹ́ta. Wọ́n kíra, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn náà ni Sàlàkọ́ wúkọ́, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má bínú pé a bi yín o. Ṣé kò sí àìsàn kan nínú ẹbí tó yẹ ká mọ̀?"

"Alhamdulillahi," ni Kúbúrá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìdílé wa mọ́."

Gbogbo ojú wá lọ sára Tìrìmísíyù. Òun ni olórí ẹbí, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń retí. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Mùsílímátù rí i pé àmín ló fẹ́ ṣe. Ó sì mọ̀ pé bó bá ṣe é, ó ti yan Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, ó ti yan ẹ̀bà àti àsàsí, ó ti yan ikú bàbá rẹ̀.

"Kò mọ́," ni Mùsílímátù wí.

"Ìyàwó!"

"Kò mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Alhaji, àtọ̀gbẹ ló pa bàbá wọn. Òun ló ń ṣe ọkọ mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí. Wọ́n parọ́ fún bàbá mi nínú ilé yìí, mi ò ní jókòó kí wọ́n parọ́ fún ẹ̀yin náà."

Kúbúrá ká ọwọ́ lérí, ó ní ó tán, wọ́n ti ba ti ọmọ òun jẹ́. Sàlàkọ́ ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó wo àwọn tí wọ́n jọ wá. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àtọ̀gbẹ?" ni Sàlàkọ́ wí. "Ṣé òun nìkan ni?"

"Òun náà ni, Alhaji."

"Ó wà nílé tiwa náà." Ọkùnrin náà nu ojú. "Òun ló pa ìyá mi. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ń lo oògùn ẹ̀. Nínú mọ́tò tá a bá wá, ohun tá a fẹnu kò lé lórí ni pé tẹ́ ẹ bá bi wá, ká ní kò sí."

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Kúbúrá sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí. Ìyá Sọ̀fíyàt nìkan ló ń sọ pé, "Ẹ ò wá rí i? Ẹ ò wá rí i?" Mùsílímátù ń wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ro iye èèyàn tí wọ́n ti gbé sin pẹ̀lú orúkọ ọ̀tá tí kò sí níbì kankan. Inú ń bí i síbẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó lè gbé ọdún tó lò yẹn padà fún un.

Tìrìmísíyù dìde, ó sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́. "Gbé oògùn mi wá. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mùsílímátù ṣí báàgì. Fóònù ló mú jáde, ó wá orúkọ Waliyah lórí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ yín," ó ní. "Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Ìkòròdú. Tìrìmísíyù gbé e sétí. "Waliyah, bàbá ẹ ni," ó ní.

"Ẹ káàsán o, Dádì," ni Waliyah wí. "Ṣé kò sí nǹkan?"